Eyín Tí Ó Kán Tí Kò Dunni Mọ́ Kò Tíì Sàn

Bí táyà ọkọ̀ ẹlòmíràn bá jò lónìí, kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò lẹ̀ ẹ́. Bí òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá ń jò, yóò wá káfíńtà kí òjò mìíràn tó dé. Ṣùgbọ́n bí eyín bá kán ní ẹnu rẹ̀, yóò ní, "Kò burú, apá kejì ni n ó máa fi jẹun." Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí ọdún yóò fi yípo.

Kò ṣòro kí eyín kán. Òkúta inú ẹ̀wà lè ṣe é, eegun lè ṣe é, orógbó pàápàá lè ṣe é. Àwọn mìíràn a máa fi eyín ṣí ìdérí ìgò, wọn a sì máa fi já okùn ẹrù lọ́jà bí ẹni pé ọ̀bẹ ni Ọlọ́run fi sí wọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí eyín ti rí. Ara rẹ̀ tí ó ń dán lókè ni ohun tí ó le jù lọ ní gbogbo ara ènìyàn; ó le ju eegun lọ. Ṣùgbọ́n bí awọ ara bá bó, yóò hù padà. Bí eegun bá ṣẹ́, yóò so padà. Ara eyín yìí kò lè hù mọ́ láéláé. Lábẹ́ rẹ̀ ni apá kan wà tí kò le tó o, tí ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Láàrin gbùngbùn ni ẹran rírọ̀ wà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tí ó ń mú ìrora mọ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Eyín tí ó kán ti lanu, kòkòrò àìsàn tí ojú kò rí sì ti ráyè wọlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi tútù tàbí ohun dídùn ni yóò máa ta ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni yóò di àìsùn lóru. Nígbà tí ó bá yá, ìrora náà lè dáwọ́ dúró lójijì, onítọ̀hún yóò sì máa dúpẹ́. Ẹ má ṣe tètè dúpẹ́ o! Ìwòsàn kọ́ ni ó dé. Ẹran inú eyín náà ni ó kú, ohun tí ó bá sì ti kú kò lè mọ ìrora mọ́. Àwọn kòkòrò àìsàn yóò gba gbòǹgbò eyín jáde sínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọyún yóò sì gbára jọ síbẹ̀. Nígbà mìíràn eéwo kékeré yóò yọ lára èrìgì, yóò tú, yóò gbẹ, yóò tún wú. Èyí lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

ỌMỌ ỌDÚN MÉJÌLÁ

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí dókítà eyín pọ̀ sí. Ọmọkùnrin ọdún 12 kan wà níbẹ̀ tí eyín rẹ̀ kan bàjẹ́. Jíjẹrà ni tirẹ̀, kì í ṣe kíkán, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àìsàn ń gbà wọlé. Kò fi bẹ́ẹ̀ ráhùn. Eyín àbúrò rẹ̀ ni ìyá wọn ń sá kiri lé lórí, nítorí owó kò sí, dókítà tí yóò gbà wọ́n sì ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù January ọdún 2007, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọmọ náà. Àìsàn inú eyín ti dé ọpọlọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní orí. Ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ń yá. Ní ọjọ́ 25 oṣù February, ó kú. Nǹkan bí 80 dọ́là ni wọn ìbá fi yọ eyín náà. Owó ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn lé ní 200,000 dọ́là.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1836 ni dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ von Ludwig ti kọ̀wé nípa wíwú abẹ́ ahọ́n àti ọrùn tí ó lè dí ọ̀nà èémí, a sì mọ̀ lónìí pé inú eyín ni ó ti ń wá jù. Nítorí náà, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ọrùn bá wú, bí ẹnu kò bá là dáadáa mọ́, bí itọ́ bá ṣòro láti gbé mì, tàbí tí ibà bá bá a rìn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn má tilẹ̀ dúró de wíwú rárá.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ má ṣe da omi bátìrì sí eyín. Ẹ má ṣe fi aspirin sí ẹ̀gbẹ́ èrìgì. Yóò jó o. Kànáfùrù lè mú ìrora rọlẹ̀, kò lè dí ihò. Oògùn tí ẹ dá rà ní kẹ́mísì lè mú kí wíwú fà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dé inú eyín tí ó ti kú mọ́, oògùn kò sì lè bá àìsàn tí ó sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ fọ ẹnu, kí ẹ sì lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Bí ẹ bá tètè lọ, ó lè dí i lásán. Bí àìsàn bá ti dé inú, yóò fọ gbòǹgbò rẹ̀ kí ó tó dí i. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, yóò yọ ọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ ilé ìwé bá ṣubú tí odindi eyín àgbà rẹ̀ yọ, orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe gbòǹgbò. Ẹ má ṣe ha á. Ẹ fi í sínú mílíìkì, tàbí inú itọ́ ọmọ náà nínú ife, kì í ṣe omi lásán, kí ẹ sì gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà kí wákàtí kan tó pé; ó lè mú un padà sípò. Eyín ọmọdé ni a kì í dá padà.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé gbèsè tí olówó rẹ̀ kò béèrè kò tíì tán. Èlé ni ó ń bí. Bẹ́ẹ̀ ni eyín tí ó kán tí ó dákẹ́. Ẹ lọ san án nígbà tí ó ṣì kéré.