Ta Ni Ọ̀dàlẹ̀ Nínú Ogun Ìjàyè?

Nínú iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní Civic, olùkọ́ á kọ ìtumọ̀ òtítọ́ inú sára pátákó, ọmọ á dà á kọ, ìdánwò á dé, ó parí. Ọmọ náà mọ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ó sì mọ̀ pé ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé ikú ta ni, ẹ̀sín ta ni. Lójú tèmi, ìjà tí tọ̀tún-tòsì ti ní ẹjọ́ rò ló yẹ ká fi kọ́ wọn ní iyì àti ọ̀dàlẹ̀, nítorí irú rẹ̀ ni wọn yóò bá níta. Ẹ jẹ́ ká mú ogun Ìjàyè.

Aláàfin Àtìbà ló fi Kúrunmí, olórí Ìjàyè, jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Àṣà ìgbà náà ni pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, á bá a lọ, nítorí wọ́n ti jọ lo agbára. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, Àtìbà yí èyí padà, kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, lè jọba. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀. Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù gorí oyè, Kúrunmí kò júbà. Nígbà tó di 1860, ogun ti dé.

Bí a bá gé ìtàn náà síbí, akọni tí kò ta àṣà ni Kúrunmí, Ìbàdàn sì ni ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé láyé àtijọ́, Àrẹ̀mọ ló ń jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Nígbà tí a fura pé àwọn Àrẹ̀mọ kan ń kánjú sí ikú bàbá wọn ni a ní kí wọ́n máa bá a kú. Àṣà tí Kúrunmí dì mú, àtúnṣe ni òun náà. Ọwọ́ agbára sì lòun fúnra rẹ̀ fi gba Ìjàyè. Ẹ má sì rò pé nítorí ọba nìkan ni Ìbàdàn ṣe gbé ogun. Ìjàyè tó lágbára ń dí i lọ́nà.

Ìyàn mú nínú ìlú tí wọ́n dó tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Ẹ̀gbá wá ṣèrànwọ́. Kúrunmí pàdánù àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lójú ogun, òun náà kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní March 1862. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kó àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí lọ sí Abẹ́òkúta. Kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ẹjọ́ Adélù rò, kí òmíràn gba ti Kúrunmí, kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ ìyá tó ń wá àgbàdo tí yóò fún ọmọ rẹ̀ jẹ ní Ìjàyè. Ìyá yìí ni kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀sín tí wọ́n ń sá fún, ti Kúrunmí ni. Ikú tó tẹ̀lé e, ti gbogbo ìlú.

Àwọn kan á ní irú ẹ̀kọ́ yìí yóò da ọmọ lọ́kàn rú, pé yóò gbà pé kò sí ọ̀dàlẹ̀ rárá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kó owó kíláàsì jẹ, olè ni. Kò sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ọmọ kékeré ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó máa dìbò láìpẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé a ó tún ìjà àtijọ́ dá sílẹ̀. Ìjà náà kò sùn: wọ́n ń sọ ọ́ nílé, ẹnìkan a máa dá a rò láìsí alátakò. Nínú kíláàsì ni wọ́n ti lè ní kó mú ẹ̀rí wá.

Ìdìbò tí mo mẹ́nu bà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 68 nínú Òfin Nàìjíríà ti 1999 ní aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ lọ sí òmíràn kí sáà tó parí yóò pàdánù ìjókòó rẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ tàbí tó bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Nítorí náà, kí ọmọ tó pe aṣòfin kan ní ọ̀dàlẹ̀, ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ wádìí: ṣé ẹgbẹ́ náà pín lóòótọ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó dìbò fún un ńkọ́?