Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ: Ìtumọ̀ Agbára Ẹṣin Lára Ọkọ̀ Amẹ́ríkà

Ní ìlú Woji, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, níbi tí ó ti fara kan àgbègbè ilé-iṣẹ́ Trans-Amadi ní Port Harcourt, kò ṣòro láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe Yorùbá. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, ìbáà jẹ́ ọmọ Ikwerre, Ìgbò tàbí Ìjọ, "tòkunbọ̀" ni yóò pè é. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí lókè òkun tó sì padà wálé ti di orúkọ ọkọ̀ jákèjádò Nàìjíríà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ra ọkọ̀ tí yóò gbé aya àti ọmọ lọ sílé nígbà ọdún. Nígbà tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá wí pé, "Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, ẹṣin 300 ló wà nínú rẹ̀," orí olùrà a wú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló ka ẹṣin náà, báwo ló sì ṣe kà á?

James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó tún ẹ̀rọ tí ooru omi ń gbé ṣiṣẹ́ ṣe, ló gbé ìwọ̀n agbára ẹṣin kalẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, kí àwọn tó ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́ lè mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè rọ́pò. Agbára ẹṣin kan ni èyí tó lè gbé ẹrù tó wọn pọ́ùn 33,000 sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀n náà kò ní àbùkù. Ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ gbà ń wọ̀n ọ́n ni kò dọ́gba.

Ẹ wo Corvette ti ilé-iṣẹ́ Chevrolet. Ní ọdún 1970, ẹṣin 300 ni wọ́n kọ sí ẹ́ńjìnnì lítà 5.7 tí ó kéré jù lọ nínú àwọn tí olùrà lè yàn. Ní 1971, wọ́n kọ 270, wọ́n sì tún kọ 210 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1972, 200 péré ló kù. Ẹni tó bá ka ìwé nìkan yóò rò pé ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ́ńjìnnì náà ti sọnù láàárín ọdún méjì.

Ohun méjì ló fà á, wọn kò sì jọra. Èkínní, ní 1971, General Motors dín bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń fún àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kù, kí ó lè máa lo epo tí òjé inú rẹ̀ kéré. Èyí gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì ní tòótọ́, láti 300 sí 270. Èkejì, ọ̀nà ìwọ̀n ló yí padà. Látijọ́, ìhòòhò ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì sórí àga ìdánwò: kò sí asẹ́ afẹ́fẹ́, kò sí sàlẹ́ńsà, kò sì sí ẹ̀rọ mìíràn tí yóò máa bá a pín agbára. Ìwọ̀n tuntun ní kí ẹ́ńjìnnì wọ gbogbo ohun tó ń wọ̀ nínú ọkọ̀ kí a tó wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni 270 ṣe di 210 lára ẹ́ńjìnnì kan náà, lọ́dún kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú nọ́ọ̀tì kan. Iṣu tí a kà lóko yàtọ̀ sí iṣu tó dé inú ìkòkò.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n dín iye ẹṣin kù lórí ìwé. Camaro Z/28, tó jáde ní 1967, ní ẹ́ńjìnnì tí kò ju lítà 5 lọ, nítorí òfin ìdíje Trans-Am kò gbà ju bẹ́ẹ̀. Ẹṣin 290 ni ilé-iṣẹ́ kọ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó dán an wò rí i pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn adójútòfò ń gba owó gọbọi lórí ọkọ̀ alágbára, nítorí náà iye kékeré lórí ìwé kò pa ẹni tó ń tajà lára.

Ọ̀ràn àfikún náà kò kéré. Òfin General Motors ni pé ọkọ̀ aláàárín kò gbọdọ̀ gba ẹ́ńjìnnì tó ju nǹkan bíi lítà 5.4 lọ. Pontiac, níbi tí John DeLorean ti jẹ́ olórí àwọn ẹnjiníà, gba ẹ̀yìn òfin náà. Nígbà tí wọ́n gbé GTO ti ọdún 1964 jáde, wọn kò pè é ní ọkọ̀ tuntun. Àárín àwọn àfikún tí olùrà lè yàn sára Tempest LeMans ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá fi nǹkan bíi dọ́là 295 lé owó ọkọ̀ yóò gba ẹ́ńjìnnì lítà 6.4 tó ní ẹṣin 325. Bí ó bá tún fi owó sí i, kábúrétọ̀ a di mẹ́ta, ẹṣin a sì di 348. Síbẹ̀, bíréèkì díìsì kò sí lára ohun tí olùrà lè yàn títí di ti ọdún 1967. Wọ́n ta eré fún ènìyàn kí wọ́n tó ta ìdúró fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ara kan náà ni Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, ń gbé kiri, ṣùgbọ́n Peugeot kọ ẹṣin 93 sí ẹ́ńjìnnì lítà 2 oníkábúrétọ̀, ó sì kọ 104 sí èyí tí ẹ̀rọ ń fín epo sí. Bákan náà ni Mustang ti ọdún 2011: ẹṣin 305 ni ti onísílíńdà mẹ́fà, 412 sì ni ti onísílíńdà mẹ́jọ. Ẹni tó bá ra ti àkọ́kọ́ ní iye owó ti èkejì ti fi òógùn ojú rẹ̀ ṣòfò.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùrà wo àmì 17 tí a tẹ̀ sára ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1981. Èkẹjọ nínú wọn ló sábà máa ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ fi sí i, ìkẹwàá sì ń sọ ọdún ọkọ̀ náà. Kí ó mú mẹ́káníìkì tó gbọ́n dání, kí ó sì wo bíréèkì àti táyà kí ó tó béèrè iye ẹṣin.

Láti Woji lọ sí Ìbàdàn, a ó gba Mbiama àti Pàtání kọjá sí Warri, kí a tó dé Benin àti Ọ̀rẹ̀. Ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó lè dúró nígbà tí a bá ní kí ó dúró sàn ju èyí tó lè fò lọ. Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀ ni àdúrà gbogbo ará ilé.