Táyà Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ Funfun: Ṣé Kó Fẹ̀ Ni Tàbí Kó Tín-ín-rín?

Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì tó ń fi mọ́tò àtijọ́ ṣe fàájì pàdé ní Amẹ́ríkà, ẹnu wọn lè má kò lórí táyà. Táyà wo? Èyí tí funfun yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ po, bí ìgbà tí ọkọ ìyàwó wọ bàtà funfun. Ọ̀kan á ní kí funfun náà fẹ̀ dáadáa, èkejì á ní kó tín-ín-rín, ẹlòmíràn á ní dúdú lásán ló dára jù.

Ẹ má rò pé oge ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o. Ẹni tó bá ti rí oje igi rọ́bà lápá Bìní mọ̀ pé funfun bíi wàrà ni, táyà àkọ́kọ́ náà ò sì dúdú. Láàárín 1910 sí 1920 ni àwọn oníléeṣẹ́ ń po dúdú kan mọ́ rọ́bà, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi igi dáná sí. Táyà wá le sí i, kò tètè jẹ mọ́. Àwọn kan fi dúdú náà sí ibi tó ń tẹlẹ̀ nìkan, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ ní funfun. Nígbà náà, táyà tó dúdú látòkè délẹ̀ gan-an ni ti olówó! Ẹ̀yìn ìyẹn ni funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di fáàrí.

Ní àwọn ọdún 1950, funfun fífẹ̀ ló gbòde lára Cadillac àti Chevrolet. Nígbà tó fi máa di 1962, ó ti dín kù sí nǹkan bí ínṣì kan. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ẹnì kan bá fi fífẹ̀ sí Ford Mustang 1965, ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n á korò, bíi kéèyàn wọ aṣọ òkè tán kó wá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bọ́ọ̀lù. Olówó ọkọ̀ á ní, "Ṣé owó yín ni mo fi rà á ni?" Òun náà ò kúkú jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n lára Volkswagen tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá ní Nàìjíríà, tín-ín-rín yẹ ẹ́ jù, o jàre.

Ọ̀lẹ ò lè ní in. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ jìnnà, nítorí òróró inú rọ́bà dúdú máa ń jò sára funfun, á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀dà kùn ún ń tan ara wọn ni: táyà ń tẹ̀, ọ̀dà ò lè tẹ̀, kò ní pẹ́ sán.

Èyí tó léwu jù ni pé ọkọ̀ fàájì kì í rìn púpọ̀. Táyà rẹ̀ á kún fọ́fọ́ bí tuntun, bẹ́ẹ̀ rọ́bà náà ti gbó. Ìdí nìyí tí fọgánáísà tó mọṣẹ́ fi máa ń wá nọ́ńbà mẹ́rin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tí wọ́n ṣe láti ọdún 2000. Bó bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn náà ló máa ń fi ìka wá ibi tó ti ń sán, kó tó sọ̀rọ̀ funfun rárá.