Ṣé o mọ̀? Kábà, oríta ilẹ̀ Òkun

Kábà, ìlú àwọn Òwé, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Yorùbá tí à ń pè ní Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, wà láàárín àwọn òkè àpáta ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Lọ́kọ́ja, Ọ̀kẹ́nẹ́ àti ilẹ̀ Èkìtì wá ti pàdé, èrò kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Ogun pàápàá mọ ọ̀nà ibẹ̀: àwọn jagunjagun Núpé pàgọ́ sí i, títí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi gba ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún 1897, kí wọ́n tó kọjú sí Bídá, olú ìlú Núpé. Lẹ́yìn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ Kábà pe odindi ẹkùn kan, Lọ́kọ́ja sì ni olú ẹkùn náà. Ètò ìjọba ìbílẹ̀ Kábà fúnra rẹ̀ wuyì púpọ̀: Ọbaró ni olórí, Ọbadọ́fin àti Ọbajẹmu sì ń bá a tùkọ̀ ìlú.