Àwo Fẹlá Márùn-ún: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Rà Padà?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n ó ti fa àríyànjiyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nínú ilé tí mò ń gbé ní Greenspoint. Ọ̀rọ̀ àwo orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni.

Nígbà tí mo dé láti wá kàwé gboyè kejì, àgbàlagbà kan ló gbà mí sílé. Bàbá Greenspoint ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti ń gbé àríwá Houston yìí kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Ó mọ ilé ìtajà Greenspoint Mall, tí wọ́n ṣí ní 1976, nígbà tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tì í pa ní 2024. Nígbà tí Bàbá ń bọ̀ láti Èkó, ó di páálí àwo orin kan mọ́ ẹrù rẹ̀, ti Fẹlá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, 2016, òjò ńlá rọ̀, odò Greens Bayou kún àkúnya, omi sì ya wọ ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò yìí. Yàrá ìsàlẹ̀ ni Bàbá ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, páálí àwo ti di ẹrẹ̀.

Lọ́dún yìí, àwa mẹ́rin tí a máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday dá owó jọ láti ra díẹ̀ padà fún un. Owó náà kò ju ti àwo márùn-ún lọ, a kò sì lè rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, a ní láti tò wọ́n: èwo ni àkọ́kọ́, èwo ni ìkẹyìn? Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún, nítorí ariwo mi ló pọ̀ jù.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a ń da ara wa láàmú lórí àwo. Èsì mi rèé. Fẹlá kì í ṣe olórin lásán, eré orí ìtàgé ni tirẹ̀. Ẹni tó lọ sí Afrika Shrine láyé ìjọ́hun àti ẹni tó lọ wo eré Ògúndé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: oníjó tó kun ojú, fèrè, ìlù, ẹ̀fẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí ìjọba. Ṣùgbọ́n ó ní àṣà kan. Orin tó bá ti ṣe sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Inú àwo nìkan ni a ti lè bá a.

Ẹ má sì gbàgbé pé akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun bíi tiwa ni òun náà. Ní 1958, wọ́n rán an lọ sí London kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, Trinity College of Music ló wọ̀. Ní 1969, ó kó ẹgbẹ́ Koola Lobitos wá sí Amẹ́ríkà níbí, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú sì di wàhálà sí wọn lọ́rùn ní Los Angeles. Àwa tí à ń ka ọjọ́ tó kù lórí físà wa mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ìkarùn-ún: Roforofo Fight (1972). Ènìyàn méjì ń jà nínú ẹrẹ̀ títí ẹni tó ń wò wọ́n kò fi mọ èwo ni èwo mọ́. Inú àwo yìí kan náà ni “Go Slow” wà, tó sọ nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó. Ẹni tó bá ti há sórí I-45 ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò nílò àlàyé. Mo fi sí ìkarùn-ún nítorí pé ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín dára, ṣùgbọ́n a óò rí i níbòmíràn.

Ìkẹrin: Coffin for Head of State (1981). Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, 1977, àwọn sójà ya wọ Kalakuta, wọ́n dáná sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá Fẹlá láti ojú fèrèsé òkè. Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kú ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, 1978. Ní 1979, Fẹlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, níbi tí olórí ìjọba ń gbé. Ìtàn yẹn ni àwo yìí ń sọ. N kò mọ ọmọ mìíràn tó ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ayé báyìí. Kí ló wá gbé e dé ipò kẹrin? Mo gbé e sí i lọ́jọ́ Sunday kan láti inú fóònù mi, iyán kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni mọ́. Àwo tó yẹ kí ènìyàn ní ni, kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lójoojúmọ́.

Ìkẹta: Expensive Shit (1975). Ẹ̀yin tó mọ ìtàn rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ní 1974, àwọn ọlọ́pàá wá mú Fẹlá nítorí igbó, wọ́n ní ó gbé ẹ̀rí mì, ni wọ́n bá tì í mọ́lé, wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò yàgbẹ́. Ó fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwo náà ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn “Water No Get Enemy.” Òwe àwọn baba wa ni, pé omi kò lọ́tàá. Nígbà tí mo ka ìlà yìí sí Bàbá Greenspoint létí, ó mi orí, ó ní: “Omi tí ẹ ní kò lọ́tàá yẹn náà ló ba àwo orin omi jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.” N kò rí èsì fún un.

Ìkejì: Zombie (1976). Kò sí àwo tó dà bí èyí tó bá jẹ́ ti ìgboyà. Fún bí ìṣẹ́jú 12, Fẹlá ń fi sójà ṣẹ̀sín, ẹni tí kì í ronú àfi bí wọ́n bá pàṣẹ fún un, fèrè ń fọhùn, ìlù Tony Allen sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀ láìsinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwo yìí wà lára ohun tó bí àwọn sójà nínú tí wọ́n fi lọ sun Kalakuta. Àwọn mẹ́ta yòókù nínú ilé ní òun ló yẹ kó ṣíwájú. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo ní ìdí tèmi.

Ìkíní: Afrodisiac (1973). Ẹ wo orúkọ àwọn orin inú rẹ̀: “Àlùjọ̀njọ̀nkíjọ̀n,” “Jẹun Kó Kú,” “Èkó Ilé,” “Jẹ́ N Wí Tèmi.” Yorùbá ni gbogbo wọn! London ni wọ́n ti gba àwo náà sílẹ̀, nílùú òkèèrè, síbẹ̀ Èkó ni Fẹlá ń pè ní ilé. Àjò kò ní dùn kí onílé má relé. Orin àkọ́kọ́ wá láti inú àlọ́ ajá tó gbé ìyá rẹ̀ pa mọ́ sí ọ̀run nígbà ìyàn, tí ìyá ń ta okùn sí i kó lè wá jẹun. Ìyá tèmi wà ní Ìbàdàn, fóònù ni okùn tiwa. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti fojú kàn án. Bí mo bá gbọ́ orin yẹn tán, mo máa ń jókòó díẹ̀ kí n tó dìde.

Ẹ óò béèrè Shakara (1972). Ká sọ òtítọ́, tó bá jẹ́ ti ìlù àti fèrè nìkan, ó yẹ kó wọ inú márùn-ún. Ṣùgbọ́n “Lady” wà nínú rẹ̀, níbi tó ti ń fi obìnrin tó ní òun àti ọkùnrin dọ́gba ṣe yẹ̀yẹ́. Arábìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín àwa mẹ́rin ní bí a bá ra ìyẹn, ká dá owó òun padà. Mo rò ó títí, mo rí i pé kò jẹ̀bi. Ọmọ obìnrin tó kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ lòdì sí owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní 1949, ló kọ irú orin bẹ́ẹ̀. A lè fẹ́ràn ènìyàn ká má fẹ́ràn gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Mo tò ó tán, mo kà á fún Bàbá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní: “Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi. Afrodisiac dára fún ẹni tí àárò ilé ń sọ. Èmi ti sọ àárò tán, ilé mi ti di ibí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Kalakuta jó, mo dúró lójú ọ̀nà, mo rí èéfín, n kò sì lè ṣe nǹkan kan. Zombie ni kí ẹ kọ́kọ́ rà fún mi.”

Nítorí náà, Zombie la rà. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọwọ́ mi kò yí padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni omi gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Afrodisiac ni yóò tẹ̀ lé e nígbà tí owó bá tún jọ. Ẹni tí kò bá gba ètò mi, kó kọ tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì ní Roforofo Fight tí kò lò mọ́, ọjọ́ Sunday ni a máa ń jẹ iyán.