Ẹyẹ Ìgbà Ọyẹ́ ní Tamale: Láti Ọ̀wàrà dé Ẹrẹ́nà

Òjò a máa dáwọ́ dúró ní Tamale, ní àríwá Gánà, nínú oṣù Ọ̀wàrà. Kí Bélú tó parí, ọyẹ́ á ti máa fẹ́ láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà, eruku á bo ojú sánmọ̀, ètè á máa là, koríko á gbẹ fúrúfúrú. Àwọn àgbà Ìgbẹ̀tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣòwò níbẹ̀ kí òfin ọdún 1969 tó lé wọn padà wálé mọ bí ọyẹ́ náà ṣe ń mú tó. Ẹni tó ń gba ìlú náà kọjá lásìkò yẹn lè rò pé kò sí ohun tí ojú lè rí. Ìgbà náà gan-an ló yẹ kí olùfẹ́ ẹyẹ wà ní Tamale.

Òtútù àti àìrí kòkòrò jẹ ti lé ọ̀pọ̀ ẹyẹ kúrò ní Yúróòpù. Wọ́n ti fò kọjá Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa, ó sì di Ẹrẹ́nà tàbí Igbe kí wọ́n tó padà. Omi tó tàn káàkiri pápá nígbà òjò náà ti gbẹ, ìwọ̀nba ojú omi tó kù ni gbogbo abìyẹ́ ń rọ́ lọ. Ẹni tó bá mọ ibi tí omi kù sí ti mọ ibi tí ẹyẹ wà.

Ní Tamale àti àyíká rẹ̀, ìsédò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Èyí tó lórúkọ jù ni ti Bontanga lágbègbè Kumbungu, tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ gbin ìrẹsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ débẹ̀ ní ìdájí, kí oòrùn tó le. Ẹ dúró níbi tí màlúù ti ń mu omi, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ wọn. Lékeléke lẹ máa kọ́kọ́ rí, ó ń tẹ̀ lé màlúù gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe nílé. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó kéré, àyà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ìrù rẹ̀ gùn, kò sì yé jù ú sókè sódò. Àárín pátákò màlúù ló ń sá kiri, ó ń ṣa eṣinṣin tí ẹran ń tú sókè. Pátákò á balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbì, á kàn yẹ̀ díẹ̀, á tún máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Pápá koríko Yúróòpù ni wọ́n ti pa á.

Létí ẹrẹ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ń fi ẹnu gígùn tú kòkòrò jáde. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní tótòtó funfun, tó ń gbọ̀n ìdí bó ti ń rìn, irà ilẹ̀ Swídìn, Fínláǹdì àti Rọ́ṣíà ni irú wọn ti ń pamọ. Alápàáńdẹ̀dẹ̀ á máa fò kọjá lójú omi, àwọn náà ò pẹ́ dé láti òkè òkun.

Ẹyẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ ní àríwá Gánà kì í ṣe àlejò láti Yúróòpù. Bèbè Odò Volta Funfun ló ń gbé, apá Bolgatanga sì ni àwọn tó ń wá a sábà máa ń lọ. Tí omi bá ti fà, tí iyanrìn yọ láàárín odò, á yé ẹyin sínú iyanrìn, á sì bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń jó, á wọ inú odò, á rẹ ìyẹ́ àyà rẹ̀ nínú omi, á sáré padà wá jókòó lé ojú ibi tó bo ẹyin sí, kí omi náà lè tu ẹyin náà lára. Tí ọmọ bá ti pa, tó sì rí ewu, á tún fi iyanrìn bo àwọn ọmọ.

Ní ìwọ̀ oòrùn Tamale, lẹ́bàá Larabanga, ni ọgbà ẹranko Mole wà. Ọdún 1971 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìjọba, ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 4,500 kìlómítà níbùú-lóòró, irú ẹyẹ tí wọ́n sì ti rí níbẹ̀ lé ní 300. Erin ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bá lọ. Ó dùn mí pé wọn kì í gbójú sókè. Nígbà tí iná bá ń jó koríko gbígbẹ, àwòdì á máa yí lórí èéfín, wọ́n ń dúró de tata tó ń sá fún iná. Ẹyẹ ajoyin ọlọ́fun pupa náà wà níbẹ̀. Bó bá gbá oyin mú lófuurufú, á gbé e wá sórí ẹ̀ka, á lù ú mọ́ igi, á sì fi ìdí oyin náà ra igi títí oró inú rẹ̀ á fi jáde, kó tó gbé e mì. Ọ̀nà jíjìn ni kí ẹ ti wò ó o. Iná ọyẹ́ kò ṣeé súnmọ́.

Ti ẹyẹ òkun yàtọ̀, ó di gúúsù. Ní 1992, Gánà fi ọ̀sà Keta, Songor, Sakumo, ẹnu odò Densu àti Muni sínú ìwé àdéhùn Ramsar, èyí tó ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi káàkiri ayé. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ òkun kan ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Funfun ni, ìrù rẹ̀ là sí méjì, Ireland àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń pamọ. Iye rẹ̀ lọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọdé etíkun Gánà ń dẹ pàkúté fún un. Ní 1985, iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹyẹ etíkun bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ilé ìwé ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó lè dẹ pàkúté wọ̀nyẹn. Inú iṣẹ́ yẹn ni Ghana Wildlife Society ti jáde.

Nínú ìgbà ọyẹ́ yìí kan náà, oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ka ẹyẹ omi káàkiri ayé, láti 1967 sì ni kíkà náà ti wà. 2 Èrèlé ni àyájọ́ ilẹ̀ olómi.

Ẹni tí kò lè jáde, àgbàlá ilé tó o. Àdàbà á wá sábẹ́ dóńgóyárò, ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu kọ́dọrọ̀ á máa fa oje òdòdó. Igún tó ń bà sórí òrùlé nítòsí ibi ìpẹran, ẹ má ṣe lé e: láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó súnmọ́ àtiparun, torí àwọn èèyàn ń fi í ṣe oògùn. Ẹ bu omi sínú àwo amọ̀ pẹlẹbẹ, kó má jìn ju ìka kan lọ, kí ẹ gbé e síbi tí ológbò kò ti lè lúgọ. Ọyẹ́ á tètè fa omi náà gbẹ, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀fọn kò sì ní ráyè yé sínú rẹ̀.