Ọjọ́ Tí Ilé-Iṣẹ́ Bá Kú: Ta Ni Yóò Gba Owó Òṣìṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni. Pápá ọkọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ kò jìnnà sí wa ní Ìlú-Abo níbí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò wọ bàálù rí. Ìyá tó ń ta gààrí lè bi wá pé, "Kí ló kàn mí nínú gbèsè bàálù?" Ó kàn yín, ẹ̀yin ìyá wa. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù wà lára àwọn tó ń ra àwìn lọ́wọ́ yín. Bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá kógbá sílé lónìí, owó yín ti wọ inú ewu.

Òwe àwọn àgbà ní ọjọ́ ikú erin ni à ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá kú, báńkì á yọ ọ̀bẹ tirẹ̀, ìjọba á yọ tirẹ̀, ẹni tó ń ta epo fún un á yọ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó fi ogún ọdún bọ́ erin náà ńkọ́? Ẹ bá wa ká lọ, ká wo bó ṣe rí nílẹ̀ wa àti lókè òkun.

ERIN TÓ Ń FÒ

Ní 1946 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1958, Nàìjíríà dá tirẹ̀ yọ, nígbà tó sì di 1971 wọ́n sọ ọ́ ní Nigeria Airways. Ẹ̀yin àgbà inú wa á rántí àmì rẹ̀, erin aláwọ̀ ewé tó ń fò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ rẹ̀ tó bí 30. Kékeré kọ́ ni iyì ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n gbèsè ń gorí gbèsè. Àwọn èèyàn ìjọba ń wọkọ̀ láìsanwó, ọ̀gá kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, ọkọ̀ ń bàjẹ́, kò sì sí owó àtúnṣe. Nígbà tó fi máa di 2003 tí ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi òpin sí i, ìwọ̀nba ọkọ̀ péréte ló kù. Wọ́n yan ẹni tí yóò ta dúkìá rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de owó àjẹmọ́nú àti owó ìfẹ̀yìntì.

Ìdúró náà pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NUATE àti ATSSSAN kọ̀wé títí, àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ṣe ìwọ́de ní Èkó àti Àbújá, ìjọba kan ń gbà, òmíràn ń jẹ, ọ̀rọ̀ kò yanjú. Ọdún 2018 ni ìjọba Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí bílíọ̀nù 22.68 náírà, èyí tó jẹ́ ìdajì ohun tí wọ́n ní àwọn jẹ wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò orúkọ ní Èkó, Kánò àti Enugu, àwọn ọmọ àti opó wà lára àwọn tó tò, nítorí pé àwọn tó ni owó ti kú.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Láti 2003 sí 2018 jẹ́ ọdún 15. Ní 2003, bí náírà 130 là ń fi ra dọ́là kan. Ní 2018, ó ti lé ní 300. Ẹni tí wọ́n jẹ ní mílíọ̀nù kan nígbà náà tó bá tún gba mílíọ̀nù kan náà, kò gba owó rẹ̀ pé, nítorí pé ohun tí owó náà lè rà ti dín kù ju ìdajì lọ. Ìdajì mílíọ̀nù ọ̀hún sì ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí.

KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yàtọ̀ sí ilé ìlọta. Bí ìlọta bá kú, ẹ̀rọ rẹ̀ wà nílẹ̀ tí a lè tà. Bàálù tí ẹ ń rí lókè yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ti ẹni tó kọ orúkọ sí i lára. Ó háyà rẹ̀ ni. Bí owó háyà bá wọ́n, olówó ọkọ̀ á wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tó máa ń kù fún pípín ni ọ́fíìsì, ilẹ̀, tábìlì àti àga.

Òfin ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2020, ṣàánú òṣìṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Ó ní kí owó oṣù tí ilé-iṣẹ́ jẹ sílẹ̀ ṣáájú gbèsè àwọn tó kàn tajà àwìn fún un. Ṣùgbọ́n báńkì tó ti gba ilé tàbí ilẹ̀ ní ohun ìdúró ń bẹ níwájú òṣìṣẹ́, owó iṣẹ́ ẹni tó ń ta dúkìá náà sì gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tó wà nípò kẹta lórí ìlà lè dé iwájú kí ó bá ìkòkò òfìfo.

ÀWỌN ARÁ BẸ̀NẸ̀

Àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ náà mọ adùn àti ìkorò ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1961, orílẹ̀-èdè 11 tó ń sọ Faransé, Bẹ̀nẹ̀ sì wà nínú wọn, dá Air Afrique sílẹ̀, wọ́n fi oríkò rẹ̀ sí Abidjan. Ẹ̀yin alájẹṣẹ́kù, ẹ ò rí i pé àfọwọ́sowọ́pọ̀ ni? Ṣùgbọ́n gbèsè wọlé, ní 1994 wọ́n sì dín iye owó CFA kù sí ìdajì. Gbèsè tí wọ́n jẹ ní dọ́là wá di ìlọ́po méjì lójú ọjọ́ kan. Wọ́n gbé ọ̀gá kan wá láti Amẹ́ríkà láti tún un ṣe, ó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, àwọn òṣìṣẹ́ ní èèwọ̀. Wọ́n bá a jà, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá lọ, ṣùgbọ́n ní 2002 ilé-iṣẹ́ náà kú, gbogbo iṣẹ́ sì bá a lọ. Ìjà náà gba ọ̀gá kúrò lọ́nà, kò gba iṣẹ́ là.

BÍ WỌ́N ṢE NÁ AN NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Chapter 11. Ilé-iṣẹ́ tí gbèsè bá bò lè sá sábẹ́ ilé ẹjọ́, kí àwọn olówó má lè fa dúkìá rẹ̀ ya, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Bó bá fẹ́ fa ìwé àdéhùn òṣìṣẹ́ ya, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ wọn jókòó, kí ó ṣí ìwé owó rẹ̀ sílẹ̀, kí adájọ́ tó dá sí i.

Ní oṣù kọkànlá 2011 ni American Airlines sá síbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ dá bí 13,000 dúró, kí àwọn sì fòpin sí ètò ìfẹ̀yìntì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní àga nínú ìgbìmọ̀ àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó, nítorí náà wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń sọ. Ètò ìfẹ̀yìntì kò parẹ́. Wọ́n dá a dúró síbi tó dé, ohun tí òṣìṣẹ́ ti ní kò sọnù. Àwọn awakọ̀ dìbò kọ àdéhùn àkọ́kọ́ ní oṣù kẹjọ 2012, adájọ́ sì gbà kí wọ́n fa ti àtijọ́ ya. Wọ́n tún padà sídìí tábìlì. Ní oṣù kejìlá wọ́n gba àdéhùn tuntun tó fún wọn ní ìpín 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ tuntun náà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó ló jèrè bẹ́ẹ̀. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gba United Airlines láyè láti ju ẹrù ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́rùn àjọ ìjọba, owó àwọn míràn sì dín kù gidigidi. Síbẹ̀, erin ṣì ń mí nígbà tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ ọ́n: ẹni tó ti palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, a kì í bá a ná ọjà mọ́.

Nílé wa níbí, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ń tètè pariwo. Ní oṣù kejìlá 2016 wọ́n ti iṣẹ́ Arik pa, wọ́n ní wọ́n jẹ àwọn lówó oṣù méje. Ní oṣù kejì 2017, AMCON gba àkóso ilé-iṣẹ́ náà, ọkọ̀ ṣì ń fò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

KÍ NI KÍ ÀWA ṢE?

Ẹ̀yin tó ń gba àjọ mọ̀ pé ìgbà tí alájọ bá sá ni a ń mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó ń yọ owó lára owó oṣù tí kò fi ránṣẹ́, alájọ tó fẹ́ sá ni. A ti rí i nínú ìwé ẹgbẹ́ wa: ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ olówó oṣù mú ìwé owó oṣù mẹ́rin wá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n yọ owó ẹgbẹ́, kọ́bọ̀ kan kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó rò pé òun ti san, lójú ìwé wa ó jẹ gbèsè.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ̀yin tí wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́, ẹ máa mú ìwé owó oṣù wá lóṣooṣù kí a fi wo káàdì yín. Bí oṣù méjì bá kọjá tí owó kò dé, ẹ má dákẹ́. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín.

Ẹ béèrè iye tó wà ní àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín. Òfin 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, ní kí owó náà wà lórúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó má sí lápò ọ̀gá, kí ọ̀gá sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tó bá san owó oṣù. Àwọn ará Nigeria Airways kò ní ààbò yìí.

Ẹ kọ orúkọ àjogún yín sínú ìwé ẹgbẹ́ àti sínú ìwé ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin tó ń tajà àwìn fún olówó oṣù, bí ẹ bá gbọ́ pé oṣù kan há, ẹ má jẹ́ kí àwìn kejì gorí èkíní.

Ọ́fíìsì wa wà ní ṣíṣí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ká bá òun ka ìwé. Ẹ tètè wá. Ire o.